Wọ́n Ní Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Ni Kò Yára

Ẹ gbọ́ ná. Bí èèyàn méjì bá sá ọ̀nà kan náà, tí ọ̀kan tètè dé, tí èkejì pẹ́, ta ló yára jù? Ọmọ tí kò tíì lè fun imú ara rẹ̀ á dáhùn. Ṣùgbọ́n odindi ìgbìmọ̀, àgbàlagbà tó wọ kóòtù, tó ní awò lójú, jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ní ẹni tó pẹ́ ló yára. Wọ́n tún kọ ọ́ sára pátákó kí gbogbo ayé lè rí i. Bí irú èyí kò bá bí èèyàn nínú, kí ló tún kù tó lè bí i?

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ṣe é sí. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o, pápá eré kẹ̀kẹ́ ló ti gbà á, nítorí bó ṣe ń wa kẹ̀kẹ́. Àwọn yòókù á já lu ọ̀nà bí ẹni tí ajá ń lé, kó tó di pé wọ́n parí, ahọ́n ti yọ síta. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe sá ìyípo àkọ́kọ́ ló máa ṣe sá ìkejì, bó bá sì ṣe sá ìkejì ló máa ṣe sá ìkẹyìn. Ẹ lè gbé ẹyin kaná kí ẹ máa fi yíyípo rẹ̀ mọ ìgbà tó máa jinná. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: gbogbo ọgbọ́n tó ní lórí kẹ̀kẹ́ nìyẹn, ó sì tó o.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ni láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, èyí tó lẹ́jẹ̀, èyí tí oògùn dà sí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ béèrè ohun tó dà sí i. Ẹ̀rọ ńlá á fọ̀ ọ́, á fún un. Òun àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á wá di etí aṣọ mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á nà án, wọ́n á tì í sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọṣọ tó ń rú èéfín, kó lè jáde lódìkejì ní pẹrẹsẹ. Apá iṣẹ́ yẹn ló sọ èjìká rẹ̀ di èjìká akin. Ẹsẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ fún un, torí kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́ látìgbà tó ti wà ní omidan.

Lójú títì yẹn náà ni ọkùnrin kan ti rí i, tó ń gun òkè tí èémí rẹ̀ kò yí padà. Awakọ̀ rélùwéè ni ọkùnrin náà, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Òun ló mú un wọ pápá, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ti ń dúró lójú ọ̀nà onígi tó dagun bí ẹ̀gbẹ́ àwo ọbẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ ọkùnrin náà rí i, ó fẹ́ ẹ, wọ́n sì bí ìbejì. Bí olùkọ́ ṣe di bàbá ọkọ nìyẹn. Bàbá ni gbogbo pápá ń pe ọkùnrin náà báyìí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tó máa lọ díje. Olóòótọ́ èèyàn ni. Kò gba ẹ̀bùn, kì í pẹ́ dé, kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ di ìyẹn mú dáadáa, torí òtítọ́ tí Bàbá ní yìí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Jẹ́jẹ́ lára.

Àyè méjì ló wà fún obìnrin nínú ẹgbẹ́ tó ń lọ sí ìdíje ńlá ọdún náà lókè òkun. Ọ̀kan ti ní ẹni tó ni ín. Èkejì ló kù láàárín Jẹ́jẹ́ àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi Jẹ́jẹ́ sílẹ̀ rí, ó gba kámú lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó padà sídìí aṣọ ibùsùn. Tọdún yìí yàtọ̀. Bó bá fi di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti ré kọjá èyí tí ẹgbẹ́ ń gbà. Bí kò bá lọ lọ́tẹ̀ yìí, kò lọ mọ́ láéláé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin ìgbìmọ̀ náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni egbò wà. Láyé àtijọ́, iye ìyípo ni wọ́n fi ń díje ní pápá yẹn. Nígbà tí wọ́n tú ojú ọ̀nà onígi náà tí wọ́n tún un tẹ́, ó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àkókò àwọn ará àtijọ́ àti ti àwọn ará ìsinsìnyí kò wá ṣeé fi wéra mọ́. Ni Bàbá bá ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ àkókò tì, kí wọ́n máa fi eré nìkan díwọ̀n èèyàn, ìyẹn iye kìlómítà tó lè sá ní wákàtí kan. Ìyẹn dára, kò sẹ́ni tó bá a jà sí i. Ibi tó ti wọ́ ni bó ṣe ń ṣírò rẹ̀. Á kọ eré tí èèyàn sá ní kìlómítà àkọ́kọ́, á kọ ti ìkejì, á kọ ti ìkẹta, á rò wọ́n pọ̀, á fi mẹ́ta pín in. Èyí tó bá jáde ni ìpíndọ́gba eré onítọ̀hún, ó parí. Ó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ rèǹtèrente débi pé bí èèyàn bá wò ó, á ṣáà máa dà bí òtítọ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Kìlómítà mẹ́ta ni, kálukú dá sá tirẹ̀, aago ńlá ara ògiri ń kà á. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ síta. Ó sá kìlómítà àkọ́kọ́ ní eré márùndínláàádọ́ta, ó sá ìkejì ní márùndínláàádọ́ta, ó sá ìkẹta ní márùndínláàádọ́ta. Àwọn kan tiẹ̀ ń yán nínú àwọn òǹwòran. Nígbà tó kọjá ìlà ìparí, ìṣẹ́jú mẹ́rin géérégé ló wà lójú aago.

Ìjì bọ́ sí i. Áà, ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ yẹn lè sáré! Eré àádọ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀, àádọ́ta náà ló fi sá kìlómítà kejì, gbogbo pápá dìde dúró. Àmọ́ nígbà tó kan ìkẹta, ẹsẹ̀ ní òun ò ṣe mọ́. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó ń gbọ̀n, mẹ́rìndínlógójì péré ló rí sá. Nígbà tó máa fi kọjá ìlà, aago ti kúrò ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lé e. Gbogbo ojú ló rí i. Jẹ́jẹ́ náà rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó jókòó sí.

Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì. Àádọ́ta, àádọ́ta, mẹ́rìndínlógójì, ó rò ó pọ̀, ó fi mẹ́ta pín in. Ó jẹ́ márùndínláàádọ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ti Jẹ́jẹ́ jẹ́ márùndínláàádọ́ta lásán. Bàbá yíjú sí èrò, ó ní Ìjì ló yára jù, Ìjì ló ń lọ.

"Bàbá, ẹ dákun," ni Jẹ́jẹ́ wí. Kò tíì ṣí àṣíborí rẹ̀. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo lò. Òun lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan náà la sì jọ sá. Báwo ló ṣe wá yára jù mí?"

"Ìyá Ìbejì, a kì í wo àkókò níbí. Eré là ń wò."

"Bàbá, kí la wá fi ń mọ eré bí kò bá ṣe àkókò?"

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Ó sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Torí pé o jẹ́ ìyàwó ọmọ mi, ṣé kí n wá yí ìṣirò padà fún ọ? Ohun tó wà lára pátákó ló wà lára pátákó."

Ẹ mọ ohun tí èrò ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ẹ ẹ̀ rí àgbà, ẹ ẹ̀ rí ẹni tí kì í ṣe ojúsàájú. Wọ́n máa ń ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Bàbá fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, ó sì ń gba oríyìn lé e lórí. Jẹ́jẹ́ dúró láàárín wọn, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀, ojú sì ń tì í bí ẹni pé òun ló jalè.

Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n fi yí ọ̀nà ká, ó di àwọn ìbejì lọ́wọ́ mú. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é, ìyàwó rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Nígbà tí wọ́n délé, tí àwọn ọmọ ti lọ wẹ̀, Jẹ́jẹ́ kò tiẹ̀ jókòó.

"Tíṣà, ṣé ohun tí Bàbá ṣe yẹn bójú mu?"

"Fi sílẹ̀, Ìyá Ìbejì."

"Mo ní ṣé ó bójú mu?"

"Bàbá ti dàgbà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣé torí eré kẹ̀kẹ́ la máa wá fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ láwùjọ ni?" Ó ti yí sí ibi ìfọwọ́, ó ń fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Eré kẹ̀kẹ́." Jẹ́jẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó bu iyọ̀ sẹ́nu tó rò pé ṣúgà ni. "Ìdájí ni mo ń jí, Tíṣà. Kí ìwọ àti àwọn ọmọ tó lajú, mo ti yípo débi tí ẹsẹ̀ mi ò mọ ilẹ̀ mọ́, mo tún lọ na aṣọ ibùsùn. O pè é ní eré kẹ̀kẹ́."

Ọkọ nu ọwọ́, ó ní òun ní ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ kejì nílé ìfọṣọ, ó ń ti aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ bí ẹni tó fẹ́ bá ẹ̀rọ jà. Ẹnì kejì rẹ̀ di etí aṣọ tirẹ̀ mú, ó ń wò ó.

"Ìyá Ìbejì, aṣọ yìí kò ṣẹ̀ ọ́ o."

"Mo mọ̀."

"Ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ ńkọ́, ṣé o ti bá a sọ̀rọ̀ ni àbí aṣọ àwọn aláìsàn lo máa fi parí ìjà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Bó ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́, pápá ló gbà lọ, ó lọ bá Akọ̀wé ìgbìmọ̀. Akọ̀wé yìí mọ ìṣirò dunjú, òun ló ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́, yàrá kékeré kan ló sì ní lábẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran, fáànù kan, fèrèsé kan tí kò ṣeé ṣí. Bó ṣe rí Jẹ́jẹ́, kò tíì sọ nǹkan kan tó fi dìde lọ ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Jẹ́jẹ́ wí, "ẹ ṣàlàyé fún mi. Ó lè jẹ́ èmi ni mi ò mọ̀wé."

Akọ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀. "O ò ṣì í. Bàbá ló ṣì í. Ó ń ṣe é bí ẹni pé iye àkókò kan náà ni Ìjì lò lórí àádọ́ta àti lórí mẹ́rìndínlógójì yẹn. Kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí èèyàn bá ti sáré, kíá ló ti máa kúrò níbẹ̀. Ibi tó bá ti ń wọ́, ibẹ̀ ló máa pẹ́ sí. Gbogbo ọ̀nà tó sá ló yẹ kí wọ́n kó jọ, kí wọ́n fi gbogbo àkókò tó lò pín in. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ti Ìjì kò tiẹ̀ dé márùndínláàádọ́ta. Ìwọ lo yára."

Jẹ́jẹ́ wò ó. Ohun tó ń kà lọ́kàn ni àwọn ìgbà tí wọ́n ti fi í sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, látìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Nígbà tí wọ́n fi mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?"

Akọ̀wé ń wo bírò ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti mọ̀ nígbà yẹn."

"Ẹ sì kọ orúkọ ẹlòmíì ránṣẹ́, ẹ tún kí mi pé ẹ kú ìsapá."

"Jẹ́jẹ́, gbọ́. Ta ló máa wo ojú Bàbá kó ní ó ṣì í? Àgbà tó fún gbogbo wa ní ọ̀nà? Ọ̀wọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni a máa fi orúkọ ránṣẹ́. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, sọ ọ́, àmọ́ má dárúkọ mi."

Ẹ wo nǹkan. Ẹ kúkú wo nǹkan. Bó bá jẹ́ pé wọn ò mọ̀ ni, ìyẹn ì bá sàn. Aláìmọ̀kan ṣeé forí jì, ó ṣeé kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ jókòó, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ẹlòmíì san gbèsè ọ̀wọ̀ tí wọ́n jẹ àgbà. Ọ̀wọ̀ tí kò ná wọn ní nǹkan kan! Jẹ́jẹ́ jáde níbẹ̀ láìkí Akọ̀wé pé ó dàbọ̀, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìgbìmọ̀ jókòó. Bàbá wà nídìí tábìlì, Akọ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìjì náà wà ńbẹ̀ torí wọ́n ní kó wá fọwọ́ sí ìwé ìrìn àjò. Pátákó wà lẹ́yìn wọn, wọn ò tíì nu ìṣirò ọjọ́sí kúrò. Jẹ́jẹ́ kan ilẹ̀kùn, ó wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá.

"Ìyá Ìbejì, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ni…"

"Rárá, Bàbá. Ọ̀rọ̀ rélùwéè ni mo fẹ́ béèrè."

Ojú Bàbá tú ká. Ẹ kò lè bá a sọ̀rọ̀ rélùwéè kí inú rẹ̀ má dùn. Ó ní kó dìde, kó béèrè.

"Ká ní òkè kan wà, Bàbá. Ọgbọ̀n kìlómítà ni gígùn rẹ̀, ọgbọ̀n kìlómítà ni sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ gùn ún ní eré ọgbọ̀n. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ ní eré àádọ́rùn-ún. Ni ọ̀gá ibùdókọ̀ bá ro méjèèjì pọ̀, ó fi méjì pín in, ó ní eré ọgọ́ta lẹ sá. Ó ní ọ̀nà yín sì jẹ́ ọgọ́ta kìlómítà, nítorí náà wákàtí kan ló yẹ kí ẹ fi parí gbogbo rẹ̀. Kí lẹ máa sọ fún un?"

"Màá ní orí rẹ̀ ti dàrú!" Bàbá ti gbá tábìlì. "Òkè tí mo gùn nìkan ti gba wákàtí kan! Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ o! Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ wà nígbà tèmi. Òun ló kọ àkókò tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé, ojoojúmọ́ ló ń kọ̀wé fẹ̀sùn kàn mí pé mo pẹ́. Mo bá a jà débi tí wọ́n fi pe àwọn àgbà lé wa lórí."

"Kí lẹ sọ fún un nígbà náà, Bàbá?"

"Mo sọ fún un pé ibi tí ọkọ̀ bá ti ń wọ́ ló ti ń pẹ́. Mo ní kò lè kàn mú eré tí mo fi gun òkè àti èyí tí mo fi sọ̀, kó rò wọ́n pọ̀ kó sì…"

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó yí àga rẹ̀, ó wo pátákó ẹ̀yìn rẹ̀: àádọ́ta, àádọ́ta, mẹ́rìndínlógójì. Bàbá dìde, ó sún mọ́ ọn bí ẹni tí kò mọ ìwé ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́.

"Akọ̀wé," ó ní, láìyíjú padà, "ka àkókò wọn fún mi."

Akọ̀wé kà á. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ nu pátákó, ó ṣírò rẹ̀ látòkè, gbogbo ọ̀nà, gbogbo àkókò. Nígbà tó parí, ó yíjú sí Ìjì.

"Ọmọ mi, kò tọ́ sí ọ. Má bínú."

Omi lé ròrò sójú Ìjì, àmọ́ kò jiyàn. "Bàbá, mo rí aago lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló yára. Mo ṣáà rò pé ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí ẹ ń ṣe ni."

Bàbá jókòó. Ó wo Akọ̀wé títí tí onítọ̀hún fi tẹ orí ba. "Ìwọ, o jẹ́ oníṣirò. Ṣé o mọ̀?"

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ọ̀wọ̀ yín ni mo wò."

"Ọ̀wọ̀ wo? Bí ṣòkòtò mi bá ya lẹ́yìn, ṣé ẹ ó máa kí mi pé ẹ káàárọ̀, ẹ ó máa kọjá lọ ni? Kí ìdí mi máa wà níta, kí ẹ máa pè é ní ọ̀wọ̀?" Bàbá nawọ́ sí Jẹ́jẹ́. "Mo fi ọmọ yìí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún ń yangàn lé e lórí. Ta ló tún mọ̀?"

Akọ̀wé ń to ìwé orí tábìlì jọ.

"Mo ní ta ló tún mọ̀?"

"Tíṣà ni, Bàbá," ni Akọ̀wé wí. "Tíṣà ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó ti pẹ́. Òun ló bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó wo Jẹ́jẹ́ nínú yàrá yẹn. Ojú ń ti gbogbo wọn láti wò ó. Ó kí Bàbá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Àyè ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ohun tó ti ń wá láti ìgbà omidan, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà kí i, kò gbọ́.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Tíṣà ti se ìrẹsì, ó ti bu tirẹ̀ dé e, àwọn ìbejì ń fò mọ́ ọn pé Màámi ń lọ sókè òkun. Ó gbá wọn mọ́ra, ó ní kí wọ́n lọ sùn. Ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá wọn padé ló tó jókòó.

"O kú oríire," ni Tíṣà wí. "Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ìgbìmọ̀ ní ẹni tó ń lọ lè mú èèyàn kan dání tó máa bá a di aago mú lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ti gba àyè ìsinmi."

"O mọ̀, Tíṣà."

Tíṣà gbé ṣíbí sílẹ̀.

"O dúró síbẹ̀ yẹn, ò ń fọ àwo, mo bi ọ́ léèrè bóyá ó bójú mu. O mọ̀."

"Bàbá mi ni, Ìyá Ìbejì. Ojú á tì í."

"Èmi ńkọ́? Kí lèmi jẹ́ sí ọ?"

"Mo rò pé… mo máa ń rò pé wàá borí bó ti wù kó rí. Pé wàá sá a débi tí ìṣirò Bàbá kò ní lè dí ọ lọ́wọ́."

"Mo borí." Kò pariwo. "Mo borí lọ́dún yẹn, mo borí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo wá ń sunkún sí ọ láyà lóru pé n kò tó. Ò ń pa mí lẹ́kún mọ́ra. O mọ̀ pé mo tó, ò ń wò mí kí n máa sunkún."

Tíṣà na ọwọ́ sí i lórí tábìlì. Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ náà, kò mú un.

"Bàbá ni mo máa mú lọ," ó ní. "Òun ni màá ní kó di aago mú fún mi."

"Bàbá tó fi ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?"

"Bàbá ṣì í ni, Tíṣà. Ìwọ mọ̀ ọ́n."